Rírà ni tàbí Jíjórin: Àlàyé lórí Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin fún Eré Ìje ní Ìjàn-Èkìtì

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ohun ìrìnnà tí ó ní táyà mẹ́rin tí wọ́n sanra, tí afẹ́fẹ́ inú wọn kò pọ̀, tí ẹni tí ó ń gùn ún máa ń la ẹsẹ̀ lé e bí ẹni gun ẹṣin, tí ó sì máa ń fi háńdù bí ti ọ̀kadà darí rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ni ti iṣẹ́ oko, tí ó wúwo, tí ó ní ibi ìdẹ́rù níwájú àti lẹ́yìn. Èkejì ni ti eré ìje, tí ó fúyẹ́, tí ó súnmọ́ ilẹ̀, tí ó fẹ̀ ní ìdí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan. Èkejì yìí ni àròkọ yìí dá lé, nítorí pé òun ni ó mú kí òǹkọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìmọ̀ físíìsì láti ọdún pípẹ́, san owó ebè iṣu méje fún ìyá àgbàlagbà kan ní ọ̀nà oko Ìjàn.

Ìtàn ohun ìrìnnà náà kò tíì pẹ́. Ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan ni ó gbé irú rẹ̀ tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta jáde ní 1970, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí a máa dojú dé níbi kọ́nà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é fi bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ní 1988 pé àwọn kò ní tà á níbẹ̀ mọ́. Kí ó tó di ìgbà náà, Suzuki ti gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde ní nǹkan bí 1982, ó sì ti ṣe LT250R fún eré ìje ní 1985, tí Honda sì fi TRX250R dá a lóhùn ní 1986. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò mọ̀ ọ́n jù bí wọ́n ti ń fi í háyà fún àwọn olùgbafẹ́ ní etíkun Èkó. Ní Ìjàn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a mọ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí orúkọ rẹ̀ ti ara Buba Marwa, gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà kan rí, wá, tí ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́ nípa kọ́nà kò sì tíì dé etí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń wà á.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ti eré ìje ní ọ̀nà méjì: kí ó ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe parí, tàbí kí ó kó irin jọ, kí ó ní kí wọ́n jó o fún òun. Ìbéèrè yìí ní ìtàn tí ó níyì ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn 1989 tí Honda dáwọ́ TRX250R dúró, ó tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn eléré ìje kò rí ohun tí ó dára jù ú lọ rà, nítorí náà wọ́n a máa mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n a sì ra férémù tuntun, èyí tí í ṣe egungun irin tí gbogbo ara alùpùpù so mọ́, lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tí ó ń jó o ní ìwọ̀n tí olúkúlùkù bá fẹ́. Ọdún 2004 ni TRX450R ti Honda àti YFZ450 ti Yamaha jáde, tí ẹni tí ó bá lówó fi lè rí ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ fún pápá ìje rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé yìí rí dì mú nínú ìtàn náà ni pé àwọn tí ó ń jó férémù wọ̀nyẹn ti gun ojúlówó títí ó fi sú wọn, wọ́n mọ ibi tí ó ti ń tẹ̀ àti ibi tí ó ti ń ṣẹ́, kí wọ́n tó gbé iná sún mọ́ irin. Ohun tí ó rí dì mú ni pé páìpù ni férémù, páìpù sì wà ní Adó-Èkìtì.

Owó ni ó kọ́kọ́ fi ṣe àwáwí. YFZ450R tuntun ń lọ sí bí 10,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà, bí dọ́là kan bá sì jẹ́ 1,400 náírà, èyí jẹ́ mílíọ̀nù 14 náírà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí àwọn aṣọ́bodè tó gba tiwọn. Owó oṣù olùkọ́ kò mọ irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwáwí ni, nítorí pé àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó sì ń ta simẹ́ǹtì, ti ra tókùnbọ̀ ní Èkó ní owó tí kò tó ìdámẹ́rin iye yẹn. Tókùnbọ̀ ni a ń pe ohun tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó gba orí omi wá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ lórúkọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí àbúrò ìyàwó yìí gbé tókùnbọ̀ rẹ̀ wá sí Ìjàn ní ọdún Àjíǹde, tí ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun gùn ún wò, ẹ̀gbọ́n náà yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, ó sì kéde níṣojú gbogbo ẹbí pé òun lè jó èyí tí ó dára jù ú lọ. Ó tọ́ka sí ọ̀pá irin kan ṣoṣo tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ó ní iṣẹ́ àtijọ́ ni, ó ní kẹ̀kẹ́ Márúwá pàápàá ní eyín inú ẹ́ńjìnnì tí ó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, kí ti òde baà lè yára ju ti inú lọ níbi kọ́nà. Àbúrò ìyàwó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jó o. Ẹ máa pè wá wá wò ó.” Báyìí ni wọ́n ṣe dá ọjọ́ ìje sí oṣù Kejìlá.

Ẹ̀rí tí òǹkọ̀wé náà fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pọ̀, wọ́n sì jinlẹ̀ ju bí ọ̀rọ̀ náà ti yẹ lọ. Ó ní Èkìtì kì í fi iyán ilé wé ti búkà. Ó tún pe Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ sí ẹ̀rí, ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n, tí ó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, Ògògà kò sì gbà kí wọ́n san owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí òyìnbó bá lè fi àga ṣe pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ Èkìtì, kí ni a tún ń bá tókùnbọ̀ ṣe? Ohun tí kò fi kún ẹ̀rí yìí ni pé Ọlọ́wẹ̀ mọ iṣẹ́.

Lára kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó ti forí sọ igi ni ó ti ra ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Iwájú kẹ̀kẹ́ náà ti run, ṣùgbọ́n gíà mẹ́rin tí ó ń lọ síwájú àti ọ̀kan tí ó ń lọ sẹ́yìn pé. Ó ra páìpù omi gígùn márùn-ún ní Adó, ó dì wọ́n sí orí bọ́ọ̀sì, ó sì gba ọ̀nà Ìjàn padà sílé. Ó tọ́ kí a sọ pé ojú ọ̀nà kan náà yìí ni Pólì ìjọba àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ojoojúmọ́, àti pé bọ́ọ̀sì náà dúró já èrò ní iwájú méjèèjì, tí òǹkọ̀wé kò sì sọ̀ kalẹ̀ béèrè ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn oníṣẹ́ irin ń lò fún síso irin mọ́ irin ni *jó*, láti ara iná tí ó ń jó ẹnu irin méjì títí wọn yóò fi yọ́ mọ́ra, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń pe oníṣẹ́ náà ní jórinjórin. Ohùn kan náà ni ó ní pẹ̀lú *jó* ti ẹni tí ó ń jó sí ìlù, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún òǹkọ̀wé yìí pé irin tí wọn kò bá jó dáadáa yóò jó fúnra rẹ̀ bí ó bá dé ojú ọ̀nà. Férémù ti eré ìje kì í ṣe páìpù omi. Aluminiọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Òmíràn jẹ́ irin tí wọ́n pò mọ́ chromium àti molybdenum, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ó sì le, kí ó baà lè fúyẹ́ láìṣẹ́. Páìpù omi nípọn, ó wúwo, wọ́n sì ti fi síńkì bo ara rẹ̀ kí ó má baà dípẹtà, síńkì yìí ni ó sì fa àṣìṣe tí ó kọ́kọ́ kan ara.

Bí iná jórinjórin bá kan síńkì, síńkì náà a di èéfín funfun, ẹni tí ó bá sì fa èéfín náà símú púpọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ara a máa ro ó, ẹnu rẹ̀ a máa ta bí ẹni lá kọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ a sì lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí wà nínú ìwé. Òǹkọ̀wé náà kò ka ìwé. Odidi ọ̀sán ni ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ jórinjórin lọ́rùn, tí ó ń júwe ibi tí iná yóò gbà, nígbà tí ó sì di òru, òtútù mú un débi pé ó fi aṣọ òkè ìyàwó rẹ̀ bora. Ó lo oògùn ibà, ó mu àgbo dóńgóyárò, ó fi ọjọ́ kejì sùn, ara rẹ̀ yá, ó gbóríyìn fún dóńgóyárò, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún fa èéfín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ibà yìí ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ iṣẹ́ kékeré tí ó wà níbẹ̀ tó fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ìdí tí Tíṣà kì í fi í dúró sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bí àwọn yòókù ti ń ṣe.

Ọmọ iṣẹ́ kan náà ni ó tún sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sórí férémù. Òǹkọ̀wé ti pàṣẹ pé kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì náà po, kí iwájú rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn, nítorí pé kò fẹ́ kí ooru sálẹ́ńsà máa jó òun lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó họrí, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yìn lẹ máa máa sáré sí ni?” Tíṣà fi yé e pé ìmọ̀ físíìsì ni òun fi ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí físíìsì sọ gan-an, kí ó ro ẹni tí ó lè wo ọwọ́ aago láti ẹ̀yìn aago: ọwọ́ aago kò yí ìrìn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n lójú ẹni náà òdì ni ó ń rìn. Táyà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá yí po rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, níṣojú jórinjórin, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, oníṣòwò gààrí kan àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tó ogún, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, òǹkọ̀wé yìí fi ẹ́ńjìnnì sí gíà kìíní, ó tẹjú mọ́ iwájú, ó sì fi ẹ̀yìn wọ gọ́tà. Ohun tí ó ti fi oṣù mẹ́ta jó ni alùpùpù eré ìje tí ó ní gíà mẹ́rin fún ìfàsẹ́yìn àti ọ̀kan ṣoṣo fún ìlọsíwájú. Ìròyìn náà dé Ìkẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò ìyàwó pè é lórí fóònù, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dábàá pé bí kò bá ní í nira fún Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n sọ ìje náà di àfẹ̀yìnsá.

Wọ́n gé férémù, wọ́n yí ẹ́ńjìnnì padà, wọ́n tún un jó. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n bá gé kì í padà sí ìwọ̀n rẹ̀ bí wọn kò bá fi okùn wọn ọ́n láti igun kan sí igun tí ó kọjú sí i, kí wọ́n wọn igun kejì náà, kí méjèèjì sì dọ́gba. Jórinjórin fẹ́ wọn ọ́n. Òǹkọ̀wé ní ojú òun tó. Láti ọjọ́ náà lọ ni alùpùpù náà ti ń rìn bí akàn, tí imú rẹ̀ ń kọ sí ọ̀nà Adó tí ara rẹ̀ sì ń lọ sí Ìjú.

Àṣìṣe méjì tí ó tẹ̀lé e jẹ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ẹni tí ó ń gùn ún a máa lọ́ ọwọ́ háńdù láti fún ẹ́ńjìnnì níná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ti irin kékeré kan lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé kòtò a máa ju ara sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n bá sì jù sẹ́yìn yóò di háńdù mú gírígírí, bí ó bá dì í mú yóò lọ́ ọ, bí ó bá lọ́ ọ iná yóò pọ̀ sí i, kòtò kejì yóò sì bá a ní eré tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òǹkọ̀wé tí ó fi háńdù ọ̀kadà sí tirẹ̀ bá kòtò mẹ́rin pàdé báyìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀kẹrin ni ó sì sọ eyín iwájú rẹ̀ di mímì. Ní ti ẹsẹ̀, ẹni tí ó ti gun ọ̀kadà pẹ́ máa ń na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ bí ó bá fẹ́ dúró, láìronú, bí ẹni tí ń pajú. Táyà ẹ̀yìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sì wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ gan-an. Lára ojúlówó, irin kan pẹ̀lú àwọ̀n wà láàárín ẹsẹ̀ àti táyà, èyí tí òǹkọ̀wé ti pè ní ọ̀ṣọ́ nígbà tí ó ń yí ti àbúrò ìyàwó rẹ̀ ká. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, táyà ara rẹ̀ gun orí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kú ní àkókò náà gan-an. Ènìyàn mẹ́fà ni ó gbé irin náà kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ni láti sọ pé ẹni tí ó rà kò wà nínú ayọ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Bẹntiróòlù ìdọ̀tí ti dí ẹ̀rọ tí ó ń fa epo sínú ẹ́ńjìnnì tókùnbọ̀ náà láti oṣù Kẹjọ, kò sí ẹni tí ó rí irú rẹ̀ rí láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Emùré, ọ̀sẹ̀ méje sì ni ó fi wà lábẹ́ tapólì láàárín àpò simẹ́ǹtì kí èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ tó dé láti Èkó. Ti òǹkọ̀wé kò ní irú ìṣòro yìí. Gbogbo ohun tí ó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ó wà ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, ó sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà oko tí ó gba ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti sá eré náà, láti ìdí ìrókò kan dé ìdí afárá kékeré, ọ̀nà tí kò ju kìlómítà kan lọ, tí ó ní kọ́nà kan ṣoṣo. Títí tí wọ́n fi dé kọ́nà náà, òǹkọ̀wé ni ó wà níwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà lọ, nítorí pé tókùnbọ̀ kò tètè dáhùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Níbi kọ́nà ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin kan ṣoṣo ti wá dáhùn fúnra rẹ̀. Férémù tí ó ga, tí ó sì wúwo lókè, dagun. Táyà inú gbéra kúrò nílẹ̀. Eyín tí ó ń pín agbára, èyí tí òǹkọ̀wé ti fi yangàn lọ́dún Àjíǹde, sì kó gbogbo agbára fún táyà tí kò kan nǹkan kan, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ibi tí ó bá rọrùn. Táyà náà ń yí lófuurufú bí ẹ̀rọ ìfẹ́ra. Èyí tí ó wà nílẹ̀ dákẹ́. Bí ọ̀pá kan bá so méjèèjì pọ̀, èyí tí ó wà nílẹ̀ ìbá máa tì í lọ bí èkejì tilẹ̀ wà lójú ọ̀run, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó ń ṣe ti eré ìje kò fi yọ ọ̀pá náà kúrò láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àlàyé yìí yé òǹkọ̀wé nígbà tí ó wà ní ìdábùú, kí ó tó balẹ̀, àbúrò ìyàwó sì kọjá lára rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí háńdù bí ẹni tí ó ń kí àgbà.

Inú oko iṣu ni ó balẹ̀ sí, alùpùpù náà sì lọ síwájú láìsí i lórí rẹ̀, ó tú ebè méje, ó sì dúró sí ẹ̀kẹjọ. Ìyá tí ó ni oko náà kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ka ebè. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, méje ni o. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ yẹn, mi ò kà á.” Wọ́n fi àga onígi méjì tí wọ́n so pọ̀ gbé e dé ilé. Lára ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ tí ó ti fi ṣe ẹ̀rí, òyìnbó aláṣẹ kan wà tí àwọn aláàárù gbé sórí ìtẹ́ bọ̀ wá kí Ògògà. Ó ti máa ń rò pé ẹ̀yẹ ni gbẹ́nàgbẹ́nà náà fi ṣe é. Lójú ọ̀nà náà ni ó kọ́kọ́ rò ó wò bóyá Ọlọ́wẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ iṣẹ́ tí ó béèrè ìbéèrè ni ó ra òkú irin náà, ní owó tí kò tó ti páìpù nìkan. Ó fi okùn wọn igun sí igun, ó gé apá ọ̀tún kúrò ní ínǹsì mẹ́ta, ó rẹ férémù sílẹ̀, ó jó apẹ̀rẹ̀ irin sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń fi kó iṣu láti oko wọ Ìjàn, iṣẹ́ tí eyín tí ó ń pín agbára mọ̀ dáadáa. Ìjókòó kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá a wọ̀lú, owó rẹ̀ sì jẹ́ 300 náírà. Òǹkọ̀wé yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ìjókòó náà kọjú sẹ́yìn.